Ìkọ́ Tó Gbé Bàbá Oníná

Bàbá Oníná bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó gun orí tábìlì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di ìkọ́ irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dè mọ́ àjà mú, ó sì ká ẹsẹ̀ kò kúrò lórí tábìlì. Ó ń rọ̀ dirodiro. Gbogbo àwa tá a wà ní pálọ̀ pa rọ́rọ́. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó le bí okùn, mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó funfun fún eruku, mo sì ń gbọ́ ọ tó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta lábẹ́lẹ̀. Ìgbà tó kà á dé ogún, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó tún wo àjà, ó wá yíjú sí bàbá mi.

"Bó bá gbé èmi, á gbé e."

Fáànù tó wà nínú páálí lẹ́bàá ògiri ló ń wí. Fáànù ọ̀hún kò wúwo ju ìbejì ọmọ tuntun lọ, Bàbá Oníná sì síngbọnlẹ̀. Ó jọ pé ó rí i lójú wa pé a rò pé àṣejù ni, torí ó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ pé fáànù tí kò yí, ìwọ̀n rẹ̀ náà ni ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ń yí, ó ń fa òkè, ó ń ti ẹ̀gbẹ́, tọ̀sán-tòru ni, kì í sinmi. Ìkọ́ tó bá máa gbé e gbọ́dọ̀ lè gbé ìlọ́po rẹ̀.

Ọdún 1975 ni, ọmọ ọdún 9 ni mí. Ilé wa wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lápá Ìdúmágbò, ilé alájà ayé àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sínú fèrèsé. Ìsàlẹ̀ là ń gbé. Ohun tó jẹ́ àjà fún àwa ni àwọn ayálégbé òkè ń tẹ̀ mọ́lẹ̀: pákó tí wọ́n tò lé igi ìrókò lórí. Bí Ìyá Ìbejì tó wà lókè bá gún iyán, eruku á rọ̀ sínú ọbẹ̀ wa. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti wà nínú ilé yẹn kí LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàrin ìlú ní 1955, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ará Èkó lọ sí Sùúrùlérè. Wọn ò dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, òun náà kò sì fìgbà kan fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ooru ilé yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Ọ̀sà wà nítòsí, a máa ń gbóòórùn rẹ̀, àmọ́ atẹ́gùn rẹ̀ kì í ráyè wọ àárín àwọn ilé tó fún mọ́ra wọn. Ní oṣù kẹta, bí ọyẹ́ bá ti lọ tí òjò kò sì tíì dé, ẹni tó bá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì á jí nínú omi ara rẹ̀. Ẹní la máa ń tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Ìyá Àgbà á sì mú abẹ̀bẹ̀ awọ rẹ̀, á máa fẹ́ èmi àti àbúrò mi títí oorun fi máa gbé òun alára lọ. Mo máa ń mọ ìgbà tó bá sùn: abẹ̀bẹ̀ á rọra balẹ̀ sí mi láyà.

Owó Údòjì ló mú fáànù wá. Ẹni tó bá gbé Èkó nígbà náà kò ní béèrè ohun tí mò ń sọ. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀, láti yẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba wò. Wọ́n jábọ̀ ní 1974, ìjọba fi owó kún owó, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn láti oṣù kẹrin ọdún náà. Bí 1975 ṣe wọlé, àjẹsílẹ̀ oṣù púpọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wá wo Èkó! Ẹni tó ń ra rédíò ń rà, ẹni tó ń ra tẹlifíṣọ̀n ń rà, alùpùpù tuntun ń kọjá fìrì-fìrì. Àwọn tí wọn ò sí nídìí iṣẹ́ ìjọba náà ní àfi káwọn gba tiwọn, ìdaṣẹ́sílẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Màmá mi, tó ń ránṣọ, kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú rẹ̀, ọjà Jáńkárà ló ti bá a pàdé. Ó ní Údòjì ti gun orí ata, ó ti gun orí gaàrí.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Marina. Ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ tipẹ́ pé bí òun bá rówó, òun á gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan ló mú mi dání lọ sí ilé ìtajà Kingsway. A gba Tinúubú, a já sí Bróòdù, a bọ́ sí Marina. Níwájú ilé iná, ó dá mi dúró kí n wo Ṣàngó. Ère idẹ tí Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, ṣe fún ECN, àjọ iná mànàmáná ìjọba, ní 1964 ni. Mo ti ń rí i tipẹ́, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀: Ṣàngó ló ni mànàmáná, mànàmáná là ń pe iná náà. Bàbá mi, tó jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun jẹ, dojú kọ ère yẹn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Baba, fáànù là ń lọ rà o."

Láti 1896 ni iná mànàmáná ti wà ní Èkó. Ilé àwọn aláṣẹ àti ojú pópó ló kọ́kọ́ tàn fún. Láti Marina dé ilé wa, ìrìn tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ ni. Ọdún 79 ni fáànù fi rìn ín. Mi ò tíì lè ro ìṣirò yẹn kó má dùn mí.

Kì í ṣe Bàbá Oníná la kọ́kọ́ pè. Bọ̀ọ̀dá kan wà ní òpópónà kejì sí wa, tó ń tún rédíò àti áyọ́ọ̀nù ṣe, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó wá ní ọ̀sán Sátidé yẹn kan náà, ó so ìkọ́, ó gbé fáànù kọ́, ó fa wáyà, ó tan án, ó yí. A pàtẹ́wọ́. Bàbá mi kò tíì mu tíì rẹ̀ tán tí iṣẹ́ fi parí. Ìyá Àgbà jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó tú gèlè, ó fi orí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, ó sì ṣàdúà fún ọmọ rẹ̀ títí ojú bàbá mi fi ń já omi.

Ó tó ọjọ́ márùn-ún kí fáànù tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. A ní bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe. Lóru ọjọ́ kọkànlá, iná tó ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ dé lójijì, fáànù gbéra. Ìyá Àgbà ti dìde lórí ẹní láti lọ ṣe àlùwàlá fún nàfílà òru. Ó ṣì wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí a gbọ́ gbàà! Orí ẹní rẹ̀ ni fáànù já sí. Apá kan ti ya ìrọ̀rí rẹ̀ lágbede méjì, òwú àràbà inú rẹ̀ sì fọ́n ká gbogbo pálọ̀. Àbúrò mi, tó sùn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì síbẹ̀, kò tilẹ̀ jí.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Màmá mi gbé àbúrò mi, ó dì í mọ́ra. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi àlùwàlá ń kán ní ìgùnpá rẹ̀, ó wo ìrọ̀rí náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ká ẹní, ó gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kírun. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ló tó sọ̀rọ̀: "Abẹ̀bẹ̀ mi kò já lù mí rí."

Bàbá mi tọ bọ̀ọ̀dá náà lọ. Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó dá owó padà. Súkúrúù ìkọ́ tó dè, inú pákó àjà ló dè é sí, kò dé ara igi. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi bínú sí i nínú ọkàn mi. Mi ò bínú mọ́. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́ ọ bí iná ṣe ń dé inú fáànù, kò kọ́ ọ bí fáànù ṣe ń dúró lókè. Iṣẹ́ méjì ni, iṣẹ́ oníná àti iṣẹ́ káfíńtà, ẹni tó bá mọ ọ̀kan láìmọ èkejì, èèyàn ló ń fi wéwu.

Òkè Súnà ni Bàbá Oníná ń gbé. Ó ti wọ ECN láti 1951, nígbà tí àjọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó da ECN pọ̀ mọ́ àjọ ìdídò Káìńjì, tí wọ́n fi di NEPA ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1972. Ó wá wo ilé wa lọ́jọ́ kìíní, kò mú irinṣẹ́ kankan dání ju òòlù kan lọ. Ó gun tábìlì, ó ń fi èèkù òòlù kan àjà, ó ń tẹ́tí. Kò-kò-kò. Ó sún díẹ̀. Kò-kò-kò. Ó tún sún. Gbì. Ó tún kan án: gbì. "Ìrókò rèé," ló wí, ó sì fi ẹfun fa ìlà síbẹ̀.

Ó gbé fáànù tó já wò. Mọ́tò inú rẹ̀ kò ní àbùkù, apá kan ṣoṣo ló tẹ̀. Bàbá mi ní kí òun lọ ra ẹyọ kan. Bàbá Oníná ní rárá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ó ní ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti wọn apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ìwọ̀n wọn lè dọ́gba, bí ẹ bá mú apá àjèjì kan wọ àárín wọn, àwọn méjì tó kù kò ní gbà fún un, gbígbọ̀n ni wọ́n máa gbọ̀n. Owó Údòjì ti ń tán lọ, bàbá mi ráhùn, àmọ́ ó lọ sí Ìdúmọ̀tà, ó sì ra mẹ́ta.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, òkè ló kọ́kọ́ lọ. Ó bẹ Ìyá Ìbejì kó jẹ́ káwọn sún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wọ́n ṣí pákó kan kúrò nílẹ̀ yàrá rẹ̀, igi ìrókò yọjú, ó dúdú bí èédú, ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Dirílì ọlọ́wọ́ ni Bàbá Oníná fi ń lu igi yẹn láti òkè wá sísàlẹ̀. Òun àti bàbá mi ń gbà á fún ara wọn, torí ìrókò le. Èmi wà nísàlẹ̀ lórí tábìlì, mo gbé fìtílà lọ́wọ́, iṣẹ́ mi sì ni pé kí n wo ojú ìlà ẹfun, kí n pariwo bí ẹnu irin bá yọ. Ìyẹ̀fun igi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí mi lójú. Ó pupa díẹ̀, ó gbóná. Mo nu ojú, mo tún wò. Ẹnu irin yọ, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. "Ó ti yọ o!" Mi ò rò pé mo tíì fi ohùn mi ṣe iṣẹ́ tó wúlò tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Bóòtù gígùn ló ki bọ inú ihò náà láti ìsàlẹ̀, ìkọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Lókè, ó fi wọ́ṣà fífẹ̀ bí àwo gaàrí kékeré tẹ́ orí igi, ó dè é ní nọ́ọ̀tì méjì léra wọn kí ọ̀kan má baà tú. Wọ́n dá pákó padà. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wá rọ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àgbà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i nígbà tó ń rọ̀. Kò sọ ohunkóhun.

Ó wá kan wáyà. Láti àárọ̀ ni kò ti sí iná. Bàbá Oníná lọ sídìí mítà, ó yọ kọ́táòtù funfun inú rẹ̀, ó jù ú sínú àpò dàńṣíkí rẹ̀.

"Bàbá, kò mà sí iná," bàbá mi wí.

"Akọ̀wé, iná tó lọ kò kú. Ìrìn àjò ló lọ. Ṣé o mọ ìgbà tó ń bọ̀?"

Ó wà lórí tábìlì, wáyà pupa àti dúdú wà níhòòhò lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò pariwo, "Iná dé o!" Rédíò Ìyá Ìbejì bẹ́ sórin lókè. Ojú wa lọ sí ọwọ́ Bàbá Oníná lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú pálọ̀ tiwa, òkùnkùn ṣú bó ṣe ṣú. Kò tilẹ̀ wojú ẹnikẹ́ni, ó kàn fi ọwọ́ òsì gbá àpò rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ojú bàbá mi funfun báláú. Ó jókòó.

Ìgbà tó de apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, ó mú òwú ìránṣọ lọ́wọ́ màmá mi. Ó fi wọn láti àjà dé ẹnu apá kìíní, ó ta kókó sí òwú náà. Ó rọra yí fáànù kí apá kejì dé ojú ibi kan náà, ó wọ̀n ọ́n. Kókó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ẹ̀kẹta fi ìbú ìka kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ jù wọ́n lọ. Ó tú súkúrúù rẹ̀, ó gbé e, ó tún un dè, ó tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá béèrè òróró máṣíìnì. Màmá mi gbé agolo òróró Singer rẹ̀ fún un, ó kán an sídìí fáànù ní ìkán méjì.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà pé ẹni tó ṣe fáànù àjà oníná, Philip Diehl, ọmọ Jámánì tó lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Singer náà ló ń bá ṣiṣẹ́. Mọ́tò tó ṣe fún máṣíìnì ìránṣọ ló gbé lọ sókè àjà, láàrin ọdún 1880 sí 1890. Bí mo ṣe kà á, agolo òróró màmá mi ló sọ sí mi lọ́kàn, bó ṣe ti inú máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ sínú fáànù lọ́jọ́ yẹn, bí ẹni pé ẹbí ń bẹ ara wọn wò.

Iná ti tún lọ kí ó tó dá kọ́táòtù padà. Náírà mẹ́rin ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ kà á fún un tán, ó gba méjì. Ó ní kí fáànù sùn mọ́jú ná, òun á wá gba ìyókù láàárọ̀. Ó fi hàn wá bí a ṣe ń yí rẹgulétọ̀ ara ògiri, ó ní bó bá gbóná, ká má fòyà, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ṣe rí, ooru ló fi ń dín iná kù. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ kẹ̀-kẹ̀, ẹ pa á, kẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí mi. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

Ilé ọ̀hún ti lọ, ìsọ̀ aláṣọ ló wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ báyìí. Ilé iná Marina ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn NEPA: ó di PHCN ní 2005, láti 2013 ló sì ti wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún apá Èkó tiwa. NEPA làwa ṣì ń pè é. Oníná tí mo ti gbà síṣẹ́ kò lóǹkà mọ́. Èyí tó wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, ọmọ tó já fáfá, fẹ́ so fáànù mọ́ àjà POP. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí kọnkéré wà lókè rẹ̀. Ó rò pé mi ò fọkàn tán òun. Mo sọ ìtàn ìrọ̀rí fún un. Ó dákẹ́, ó gbé àkàbà, ó gé POP náà, ó lu kọnkéré, ó de ọ̀pá irin sínú rẹ̀. Ó wá sọ irinṣẹ́ kalẹ̀, ó di ọ̀pá náà mú, ó sì ká ẹsẹ̀ kò. Mi ò ní kó ṣe é. Èmi ni mo bá a kà á dé ogún.

Lóru ọjọ́ tí Bàbá Oníná so fáànù wa tán tó sì lọ, mi ò sùn. Iná dé nígbà tí gbogbo àdúgbò ti sùn, kò sẹ́ni tó pariwo. Mo gbọ́ ohùn kan, hùn-ùn, bí ẹni ń kọrin sínú imú, mo sì mọ̀ ọ́n lára kó tó di pé mo rí i. Atẹ́gùn bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ó gun orókún, ó dé ojú. Mo ń tẹ́tí fún kẹ̀-kẹ̀. Kò sí.

Ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí. Ìyá Àgbà wọlé pẹ̀lú ẹní lábẹ́ abíyá. Ó dúró, ó gbójú sókè sí i. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sídìí ògiri, níbi tó jìnnà jù, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sókè, ojú rẹ̀ ń dán nínú òkùnkùn. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó fa ẹní náà díẹ̀ sí àárín. Ó tún dùbúlẹ̀. Ó tún fà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dé abẹ́ fáànù gan-an, níbi tí ìrọ̀rí rẹ̀ ti ya. Mo gbọ́ bí abẹ̀bẹ̀ awọ ṣe balẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n pe ìrun àsùbá ní mọ́sálásí, ó ń sùn. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, àkọ́kọ́ rèé. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí Bàbá Oníná kanlẹ̀kùn. Bàbá mi ṣílẹ̀kùn fún un, náírà méjì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Oníná bọ́ bàtà, ó wọlé, ó wo fáànù. Ó wo Ìyá Àgbà tó na gbalaja sábẹ́ rẹ̀, tí etí gèlè rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó fi ìka lé ètè, ó rọra yí padà, ó gbé bàtà rẹ̀ dání jáde.

"Màá padà wá gbowó mi," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún bàbá mi. "Ẹ má jí wọn."